Tún-un-wò àti Bàbà Tí Kò Jọ̀lọ̀

Níbi iṣẹ́ rẹ̀, Tún-un-wò ni gbogbo wọn ń pè é. Kò sẹ́ni tó fi orúkọ náà bú u o. Òun fúnra rẹ̀ máa ń dáhùn sí i. Ohun tó bí orúkọ ọ̀hún ni pé kò sí iṣẹ́ tó parí rí tí kò ní sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n tún un wò." Tó bá ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ pa láàárọ̀, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ọkọ̀ kó tó padà wá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn náà, bóyá ó tì lóòótọ́. Tó bá lọ aṣọ tán, á yọ wáyà áyọ́ọ̀nù kúrò lára iná, á sì dúró tì í títí ojú áyọ́ọ̀nù á fi tutù pátápátá. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, a máa sọ pé ọkàn òun balẹ̀ nípa ilé nígbàkigbà tí òun bá wà lẹ́nu ìrìn, nítorí ẹni tó wà nílé ti ń bá àwọn méjèèjì bẹ̀rù.

Lára ìyá rẹ̀ ló ti mú un. Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà títí tó fi fẹ̀yìn tì, wọ́ọ̀dù àwọn ìkókó ló sì ti pẹ́ jù. Yàrá ẹ̀yìn nínú ilé ọmọ rẹ̀ ló ń gbé báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pè é ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Títí di òní, tó bá ti ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń sùn kọjá, á dúró díẹ̀, á wo àyà ọmọ náà bóyá ó ń lọ sókè sódò.

Iṣẹ́ tí Tún-un-wò ń ṣe kò rọrùn láti ṣàlàyé fún ẹni tí kò sí nídìí rẹ̀. Bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń ṣe, pátákó pẹlẹbẹ aláwọ̀ ewé tó máa ń wà nínú fóònù, nínú rédíò, nínú ẹ̀rọ gbogbo, tí àwọn ìlà bàbà tín-ín-rín wà lára rẹ̀ káàkiri. Orí àwọn ìlà bàbà yìí ni sígínà, ìyẹn iná tó ń gbé ìròyìn, ń gbà láti ibì kan dé ibòmíràn. Kì í ṣe Tún-un-wò ló ń ya bọ́ọ̀dù, òun kọ́ ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Tirẹ̀ ni kó jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó gbé bọ́ọ̀dù tí wọ́n yà sínú sọ́fítíwíà tó ń dán an wò, kó wo bí sígínà ṣe máa rìn lórí bàbà, kó sì sọ bóyá yóò dé ibi tó ń lọ tàbí yóò kú sọ́nà. Bó bá ti sọ pé ó dára, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ń tẹ bọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Ọ́fíìsì wọn wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà. Yàrá gígùn kan ni, tábìlì wà lápá ọ̀tún, tábìlì wà lápá òsì, òórùn rọ́bà sì máa ń gba ojú fèrèsé wọlé tí oòrùn bá mú. Ẹni tó jókòó tì í ni ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ó-ti-tán, nítorí pé bó o bá gbé iṣẹ́ fún un báyìí, kó o tó padà dé àyè rẹ, á ti ní ó ti tán. Àwọn ará ọ́fíìsì a máa sọ pé, ká ní èèyàn lè po àwọn méjèèjì pọ̀ nínú ife kan, á jẹ́ pé wọ́n rí òṣìṣẹ́ gidi kan.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, bọ́ọ̀dù pàtàkì kan wà lọ́wọ́ wọn. Oníbàárà kan fẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n máa gbé sínú ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Bí wọ́n bá ti gbé ẹni tó fara pa wọlé, ẹ̀rọ náà á ya àwòrán inú ara rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn dókítà kí ọkọ̀ tó dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè ti mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá wọn. Àwòrán bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yára. Ìlà bàbà kan wà lórí bọ́ọ̀dù náà tó gùn ju àwọn yòókù lọ, láti igun kan dé igun kejì, ibẹ̀ ni àwòrán ọ̀hún máa gbà kọjá.

Tún-un-wò dán an wò, ó dára. Ó tún dán an wò, ó ṣì dára. Sígínà wọlé lápá kan, ó sì jáde lápá kejì láìsí pé ohunkóhun ṣe é. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin tó sanra díẹ̀, tó fẹ́ràn kó máa rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sẹ́yìn àga Tún-un-wò, ó ní kí wọ́n wá wo bí iṣẹ́ tó mọ́ ṣe ń rí. Inú Tún-un-wò dùn, ojú sì tì í díẹ̀. Ó buwọ́ lù ú, wọ́n fi bọ́ọ̀dù ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ó-ti-tán wá bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pé kó jọ̀ọ́, kó fi han òun bó ṣe to iṣẹ́ náà sínú sọ́fítíwíà, òun náà fẹ́ to tòun bẹ́ẹ̀. Tún-un-wò ṣí i fún un. Wọ́n wo ibi kan, wọ́n wo ibòmíràn, títí wọ́n fi dé ojú ewé bàbà. Ibẹ̀ ni sọ́fítíwíà ti máa ń béèrè irú bàbà tí èèyàn fẹ́ lò: bó ṣe nípọn tó, bó ṣe fẹ̀ tó, àti bí ara rẹ̀ ṣe rí, ṣé ó jọ̀lọ̀ ni àbí ó rí gbágungbàgun, báwo sì ni àwọn òkè kéékèèké tó wà lára rẹ̀ ṣe ga tó. Nínú àpótí tó béèrè nípa àwọn òkè kéékèèké yìí, òdo ló wà níbẹ̀.

Òdo túmọ̀ sí pé bàbà náà jọ̀lọ̀ délẹ̀délẹ̀. Bàbà bẹ́ẹ̀ kò sí. Bí bàbà bá jọ̀lọ̀ jù, kò ní lẹ̀ mọ́ pátákó. Á kàn ṣí kúrò bí bébà tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti gbẹ. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe é máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ ara rẹ̀ di gbágungbàgun kó lè rí nǹkan dì mú. Ojú lásán kò lè rí i. Sígínà tó bá lọ́ra kò ka ìyẹn sí, torí gbogbo inú bàbà ló ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tó bá yára gan-an kì í wọnú bàbà, òde ara rẹ̀ ló ń rìn lé. Bí òde ara náà bá kún fún òkè àti kòtò, agbára sígínà á máa di ooru dànù díẹ̀díẹ̀, tó bá fi máa dé òpin ìlà tó gùn, kò ní lè dá dúró mọ́.

Kì í ṣe pé Tún-un-wò kò mọ èyí. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé, nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, ó ṣe àdàkọ iṣẹ́ àtijọ́ kan, bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ tó ń sọ bí omi ṣe kún tó nínú táńkì. Sígínà ìyẹn ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni, òdo kò ba nǹkan kan jẹ́ níbẹ̀. Ó yí gbogbo nǹkan yòókù padà kó lè bá iṣẹ́ tuntun mu, ó sì tún gbogbo wọn wò, àmọ́ àpótí kan ṣoṣo yìí, ojú rẹ̀ fò ó lẹ́ẹ̀kíní, ó sì ń fò ó lọ nígbàkigbà tó bá tún un wò.

Ó-ti-tán ń sọ̀rọ̀ lọ. Tún-un-wò kò gbọ́ ọ mọ́. Ó di etí tábìlì mú. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó fún òun láyè díẹ̀, orí ń fọ́ òun.

Nígbà tí ìyẹn lọ tán, ó ṣí ìwé tí àwọn tó ń ṣe bàbà kọ nípa ọjà wọn. Nọ́ńbà méjì ló bá níbẹ̀, torí ojú méjì ni bàbà ní: ojú kan tó dán, tí òkè rẹ̀ kéré, àti ojú kejì tó ní eyín, èyí tó máa ń dì mọ́ pátákó. Ó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà kékeré síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣe tirẹ̀, ìlà tó ń fi agbára sígínà hàn wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ààlà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò kàn án. Ó fi nọ́ńbà ńlá síbẹ̀. Ìlà náà ṣubú gba ààlà kọjá bí ohun tí wọ́n jù sílẹ̀.

Ó pa ojú ewé náà dé. Ó tún ṣí i. Bóyá ilé iṣẹ́ lo bàbà tó dán. Bóyá wọn ò lò ó. Bóyá wọ́n tún fi kẹ́míkà họ ojú tó dán kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, torí àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá pè wọ́n láti béèrè, wọ́n á bi í pé kí ló dé tí kò béèrè kó tó buwọ́ lù ú. Ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó bọ́jú, ó padà, ó tún lọ. Ẹnìkan bi í bóyá inú ń run ún. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó délé, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Àwọn ọmọ wà níta. Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó ti aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò lórí okùn, ó ń ká wọn jọ. Tún-un-wò jókòó tì í, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ìyá rẹ̀ wò ó fún ìgbà díẹ̀ kó tó wá bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní kò sí nǹkan.

"Kò sí nǹkan lo fi ń ká ṣòkòtò kan ṣoṣo láti ìgbà tó o ti jókòó?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó gbé ṣòkòtò náà sílẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún un, bó ṣe mọ̀ pé yóò yé e: ẹ̀rọ tó máa wà nínú ọkọ̀ aláìsàn, bàbà tí òun sọ pé ó jọ̀lọ̀ tí kò sì jọ̀lọ̀, bí àwòrán ṣe lè já sọ́nà tàbí kó dé ní ìdajì. Ìyá náà kò béèrè nípa bàbà rárá.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ kankan?"

"Rárá o, Màámi. Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni."

"Aláìsàn kò tíì gbé oògùn náà mì nígbà náà."

Ó wá sọ fún un pé ní wọ́ọ̀dù àwọn, bí ẹnìkan bá ṣi oògùn fún ọmọ, tó sì pariwo lójú ẹsẹ̀, gbogbo àwọn làwọn máa ń sáré, dókítà á sáré, wọ́n sì sábà máa ń rí nǹkan ṣe sí i. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó dákẹ́, kò sẹ́ni tó lè bá a sáré, torí kò sẹ́ni tó mọ̀.

"Wọ́n lè lé mi, Màámi."

Ìyá náà ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. "Wọ́n lè lé ọ lóòótọ́," ó sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fa aṣọ mìíràn.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ pè é látojú ọ̀nà, kò sọ fún un. Ó ní àwọn ọmọ wà dáadáa, ó ní kó rọra máa wakọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Ọ̀gá kí Ọ̀gá tó dé. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà jọ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ tú ká, ohun tó kàn jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé òun ti ṣe àṣìṣe lórí bọ́ọ̀dù ọkọ̀ aláìsàn. Ọ̀gá gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó tilẹ̀kùn. Ó ní kó jókòó, kó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó sọ ọ́. Ọ̀gá kò dá a dúró rárá. Nígbà tó parí, ọkùnrin náà fọwọ́ nu ojú, ó bi í pé ta ló tún mọ̀. Ó ní òun nìkan, àti ìyá òun, tí kò mọ ohun tí bọ́ọ̀dù jẹ́.

"Nọ́ńbà kékeré yẹn, o ní ó yege?"

"Ó yege, sà. Àmọ́ kò sí àyè kankan níbẹ̀."

"Ilé iṣẹ́ ò sì tíì sọ fún wa pé èyí tó kéré kọ́ làwọn lò."

"Wọn ò sọ nǹkan kan, sà."

Ọ̀gá ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní kó fi nọ́ńbà kékeré síbẹ̀, kó tọ́jú èsì rẹ̀, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí bọ́ọ̀dù bá dé tó sì ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ilé iṣẹ́ ló lo bàbà tí kò dára. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, kò sì wo ojú rẹ̀. Tún-un-wò mọ̀ pé Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Oníbàárà yẹn ti fi yé e pé wọ́n ti pe àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn láti wá wo ẹ̀rọ náà, wọ́n ti dá ọjọ́, bí ẹ̀rọ kò bá sì wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn á wá ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ń ba òun náà. Ẹ̀rù tirẹ̀ kàn wọ aṣọ tó dára ju ti Tún-un-wò lọ ni.

Tún-un-wò ti àga sẹ́yìn. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì rí i pé ọwọ́ òun kò fẹ́ ṣí i. Ó yíjú padà.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ bóyá nọ́ńbà yẹn ló jóòótọ́. Tí mo bá fi síbẹ̀ láì béèrè, kò yàtọ̀ sí òdo tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òdo yẹn, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni. Èyí, màá mọ̀."

Nísàlẹ̀ ilé, ẹnìkan ń ju táyà sílẹ̀ látinú ọkọ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dún. Níkẹyìn, Ọ̀gá ti fóònù orí tábìlì sọ́dọ̀ rẹ̀. "Pè wọ́n," ni gbogbo ohun tó sọ.

Obìnrin tó ń bójú tó ibi tí wọ́n ti ń tẹ bọ́ọ̀dù ní ilé iṣẹ́ náà ló gbé fóònù. Àǹtí Ìtẹ̀ ni gbogbo oníbàárà ń pè é, ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Tún-un-wò kí i, ó bi í pé irú bàbà wo ni wọ́n fi ṣe tàwọn. Àǹtí Ìtẹ̀ ní bó ṣe nípọn tó nìkan ni wọ́n kọ síwèé fún àwọn, wọn ò sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ara rẹ̀ rí. Èyí tó máa ń di pátákó mú dáadáa làwọn fi ṣe é, torí kò sí oníbàárà tó fẹ́ kí bàbà òun ṣí. Ó ní ojú kejì náà, àwọn ti họ ọ́ kí àwọn tó tẹ pátákó kejì lé e.

Tún-un-wò bi í bóyá wọ́n lè gé etí bọ́ọ̀dù náà, níbi tí kò wúlò, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́.

"A lè ṣe é. Àmọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti fẹ́ máa lu ihò sí àwọn bọ́ọ̀dù náà lára. Ṣé kí n dá wọn dúró? Ẹnu ọ̀gá yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Tún-un-wò wo Ọ̀gá, ó tún ìbéèrè náà sọ. Ọ̀gá ń wo ojú fèrèsé. Bí wọ́n bá dá a dúró, ọjọ́ tí wọ́n dá fún àwọn ará ilé ìwòsàn ti lọ nìyẹn, bóyá bàbà náà dára o, bóyá kò dára o. Ó dà bíi pé ó pẹ́ títí kí ọkùnrin náà tó tẹ̀ síwájú sídìí fóònù.

"Ẹ dá a dúró," ó wí.

Ọjọ́ yẹn kò fẹ́ ṣú. Gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́, kò sì sí ẹni tó pè é sí nǹkan kan. Tí ímeèlì bá ti wọlé, á yára ṣí i. Á jẹ́ ti ẹni tó ń polówó ọjà tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ó ń gbàdúrà pé kí bàbà náà dára. Ó tún ń rò ó pé bó bá dára, Ọ̀gá á ní òun ló da ọjọ́ oníbàárà nù lásán. Bí kò bá sì dára, àṣìṣe rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Kò mọ èyí tí ì bá fẹ́. Ó-ti-tán ra búrẹ́dì, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ẹ jẹun, Ẹ̀gbọ́n. Bàbà yẹn ti rí bó ṣe máa rí. Ó ti tán."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti búrẹ́dì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tí àwòrán dé, ó ṣí i, ó sì mọ̀ kó tó wọn ohunkóhun. Etí bọ́ọ̀dù tí wọ́n gé ló wà níbẹ̀, bàbà náà pupa lọ́nà tó lẹ́wà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rí págunpàgun bí ẹnu ayùn, eyín lé eyín. Òkè rẹ̀ náà kò jọ̀lọ̀. Ó wọn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó fi ohun tó rí sínú sọ́fítíwíà, òkè sọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀. Ìlà náà ṣubú ju bó ṣe ṣubú lánàá lọ. Bọ́ọ̀dù náà kò ní ṣiṣẹ́.

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ bá Ọ̀gá. Ọkùnrin náà wò ó, ó mi orí, ó ní kó jókòó síbẹ̀ kí òun pe oníbàárà níṣojú rẹ̀. Ẹnjiníà oníbàárà ló gbà á, ẹni tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó dáhùn. Ọ̀gá kò ti ẹ̀bi sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn dán bọ́ọ̀dù wò lọ́nà tí kò pé, òdo ni àwọn fi síbi tó yẹ kí òkè ara bàbà wà, obìnrin kan lọ́dọ̀ àwọn ló rí i, àwọn á tún un tẹ̀ pẹ̀lú bàbà mìíràn. Ẹnjiníà náà béèrè pé ìgbà wo. Wọ́n sọ fún un. Ó ní òun á sọ fún àwọn tó gba òun síṣẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ láìdágbére.

Wọn kò lé Tún-un-wò. Ọ̀gá kò kàn bá a sọ̀rọ̀ mọ́ yàtọ̀ sí tiṣẹ́, kò sì pe ẹnikẹ́ni wá sẹ́yìn àga rẹ̀. Ó pa á láṣẹ pé láti ìsinsìnyí, iṣẹ́ kankan kò ní jáde láìjẹ́ pé èèyàn méjì wò ó, ó sì yan Ó-ti-tán láti máa wo tirẹ̀. Ìyẹn dùn ún ju ìbáwí lọ. Ó lọ sílé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹni tó ń jẹun kó tó jókòó ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ òun. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, òun náà sì wá bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí bàbà tuntun dé sí ilé iṣẹ́, Tún-un-wò tọrọ àyè láti lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Ibẹ̀ gbóná, ariwo ẹ̀rọ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Àǹtí Ìtẹ̀ fún un ní ìbọ̀wọ́, ó tẹ́ oríṣi bàbà méjèèjì síwájú rẹ̀ lórí bébà funfun, èyí tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀ àti èyí tí wọ́n fẹ́ lò. Tún-un-wò yọ ìbọ̀wọ́ kan, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí òun fọwọ́ kan igun wọn. Ìka rẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ kankan. Àwọn méjèèjì jọ̀lọ̀ bí awọ ọmọdé. Ó rò pé yóò fi í lọ́kàn balẹ̀ láti fọwọ́ kàn án. Ṣe ni ẹ̀rù tún bà á sí i. Ó bi Àǹtí Ìtẹ̀ bóyá ó dá a lójú pé èyí ni tuntun náà. Àǹtí kò bínú. Ó gé díẹ̀ lára rẹ̀, ó mú un lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n jọ wò ó. Eyín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n eyín ọmọ ọwọ́ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ.

Ọjọ́ tí bọ́ọ̀dù tuntun dé, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn sígínà gidi, gbogbo ọ́fíìsì dúró. Tún-un-wò ò lè dúró, ó jókòó sórí páálí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé ìlà tí kọ̀ǹpútà Tún-un-wò ti yà tẹ́lẹ̀, ó wálẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ níbi kan, ṣùgbọ́n ó dé òpin láìkan ààlà. Ọ̀gá ní ó yege. Ó sọ ọ́ fún ẹ̀rọ náà, kò sọ ọ́ fún un. Síbẹ̀ nígbà tó ń kọjá lọ, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tó jókòó lé, ó bi í bóyá ara ìyá rẹ̀ le.

Oníbàárà gba àwọn bọ́ọ̀dù náà. Ọjọ́ àwọn ará ilé ìwòsàn ti kọjá, oníbàárà ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó dá ọjọ́ mìíràn, iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ló sì gbé fún ẹlòmíràn. Tún-un-wò rò pé òun kò ní gbọ́ ohùn tín-ín-rín yẹn mọ́.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí fóònù orí tábìlì rẹ̀ dún, tí ohùn náà sì béèrè bóyá Tún-un-wò ni obìnrin tó rí òdo yẹn. Ó ní òun ni. Ẹnjiníà náà ní láti ọjọ́ tí Ọ̀gá wọn ti pe òun, ọkàn òun kò balẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀dù méjì mìíràn wà lọ́dọ̀ àwọn, òun fúnra òun ló dán wọn wò. Òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wọn ṣí nínú sọ́fítíwíà ni.

"Òdo ló wà nínú méjèèjì," ó wí.

"Ṣé wọ́n ti wà nínú ọkọ̀?"

"Ọ̀kan ti wà níbẹ̀."

Tún-un-wò ní kó fi wọ́n ránṣẹ́ sí òun lójú ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì, àti orúkọ bàbà tí wọ́n fi ṣe wọ́n, kó sì máa retí òun nídìí fóònù. Ó lọ sọ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá kò béèrè ẹni tó máa sanwó rẹ̀. Ó ní kó pe Ó-ti-tán mọ́ra. Wọ́n pín in, Ó-ti-tán mú ọ̀kan, òun mú èyí tó wà nínú ọkọ̀. Ó fi bàbà tó burú jù síbẹ̀, èyí tó rí bí ẹnu ayùn, kò fẹ́ fi ojú àánú wo ohunkóhun. Kọ̀ǹpútà ń yí, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra wọn lórí itan. Ìlà bàbà inú èyí kúrú púpọ̀. Sígínà rọ díẹ̀, ó sì dé. Ti Ó-ti-tán kò dé rárá. Ìyẹn, wọ́n á tún un tẹ̀ kí ó tó jáde.

Ó pe ẹnjiníà náà padà, ó sọ fún un pé èyí tó wà nínú ọkọ̀ kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe mí kanlẹ̀. Ọkùnrin náà wá bi í, bí ẹni tí ojú ń tì, pé nídìí irú iṣẹ́ báyìí, ṣé ó tiẹ̀ máa ń rí oorun sùn.

"Lọ́jọ́ mìíràn, mo máa ń rí i sùn," Tún-un-wò dáhùn.